Baba Ẹ-Dìde àti Ààtàn Tí Ó Sọ Di Òkè Ògo

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jókòó dáadáa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ní kí ẹ jókòó ni, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín kò fẹ́ kí ojú òun rí ẹni tó jókòó. Bí ó bá ti ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé iṣẹ́ wọn, akọ̀wé rẹ̀ á ti sáré ṣáájú, á máa kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, á máa ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde." Ẹni tó ń jẹun á dìde tòun ti oúnjẹ lẹ́nu. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù á dìde, ìyàwó á sì máa béèrè pé kí ló dé. A tilẹ̀ gbọ́ pé lọ́jọ́ kan, káfíńtà tó wá tún àjà ṣe wà lórí àkàbà, wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó wá dìde.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe sọ ọ́ ní Baba Ẹ-Dìde nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o. Lójú rẹ̀, oyè rẹ̀ ni wọ́n ń pè, oyè náà sì gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìmọ́tótó, Ìdàlẹ̀nù, Omi Ẹ̀gbin àti Ẹwà Gbogbo Agbègbè. Nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́, "Alábòójútó Ìdàlẹ̀nù" lásán ló wà nínú ìwé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìyókù kún un, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Akọ̀wé rẹ̀ náà ní orúkọ tirẹ̀. Ó-Rí-Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń bá ọ̀gá yìí ṣiṣẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju "Ó rí bẹ́ẹ̀, sà" lọ. Bí ọ̀gá bá ní ooru mú, ó rí bẹ́ẹ̀, sà, akọ̀wé á máa fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Bí ọ̀gá bá tún ní òtútù ń mú òun, ó rí bẹ́ẹ̀, sà, akọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ má bú u. Ọmọ mẹ́fà ló ń bọ́, ẹnu tó bá sì ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó ṣófo nílé iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yìn ìlú ni ààtàn ńlá wà. Ogójì ọdún ni gbogbo agbègbè fi ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, títí ó fi di òkè tí èèyàn lè máa wò láti ojú fèrèsé Baba Ẹ-Dìde. Wọ́n ní ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n èyí ti yó bámúbámú. Òfin sì sọ pé ààtàn tó bá yó, títì ni ká tì í, ká sì bò ó. Ṣùgbọ́n ká tó bò ó, onímọ̀ kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn, kó kọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ sílẹ̀, ibi tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ, àti irú ìbora tó yẹ ẹ́.

Obìnrin onímọ̀ ilẹ̀ kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Èèyàn kúkúrú ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bàtà òjò rẹ̀ kì í sì mọ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń gun òkè náà. Ó gbẹ́ ihò, ó ri páìpù mọ́lẹ̀, ó ń wọn gáàsì tó ń tú jáde níbẹ̀. Ó ń wọ ilé àwọn tó ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè, ó ń bu omi kànga wọn sínú ìgò. Ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn. Ìdọ̀tí inú òkè náà ṣì ń jẹrà, ó ṣì ń mí, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń rì. Omi dúdú kan ń ro láti ìdí rẹ̀, ó ń wọ́ lọ bá kànga àwọn èèyàn. Ó ní ó di ìgbà tí òjò ọdún méjì bá rọ̀ sí i kí ilẹ̀ náà tó rì dé ibi tó máa rì dé. Ìgbà náà ni wọ́n á tó lè fi amọ̀ tó nípọn bò ó, kí wọ́n sì fi páìpù sílẹ̀ fún gáàsì láti máa gbà jáde.

Ọdún méjì kọ́ ni Baba Ẹ-Dìde ní lọ́kàn. Oṣù mẹ́ta ló kù kó pé ẹni ọgọ́ta ọdún, ó sì ti pinnu pé ọjọ́ náà gan-an ni òun máa ṣí ààtàn náà gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, pẹ̀lú koríko tútù àti òdòdó. Òkè Ògo ni yóò máa jẹ́. Bí ó bá jókòó nínú àga aláwọ rẹ̀, tó ń wo òkè náà láti ojú fèrèsé, kì í rí ọ̀rá àti táyà. Ara rẹ̀ ló ń rí lórí ibẹ̀, tó na ọwọ́.

Ó pe ìpàdé. Ó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ fún wákàtí méjì ààbọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ààtàn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin náà, ó fòfin de ọ̀rọ̀ náà "ààtàn" nínú ilé iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn ń sọ pé "ibi ìyẹn" àti "nǹkan ẹ̀yìn ìlú," bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àrùn níwájú ọmọdé. Ó tún ní kí wọ́n kọ̀wé sí òkè fúnra rẹ̀. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Wọ́n tẹ ìwé náà, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e: "Láti òní lọ, ilẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ rì mọ́. Nípa àṣẹ." Wọ́n kàn án mọ́ pákó, wọ́n sì ri pákó náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, pákó ti rì dé "Nípa àṣẹ."

Nínú oṣù náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá sí ọ́fíìsì. Aránṣọ ni, ẹsẹ̀ òkè náà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù àti ilé rẹ̀ wà. Òun ló tọ́ Baba Ẹ-Dìde dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fẹsẹ̀ wà ló fi wà á dé yunifásítì. Wákàtí méjì ni wọ́n fi í jókòó sábẹ́ àwòrán àbúrò rẹ̀ kí wọ́n tó pè é wọlé. Bó ṣe wọlé, ó fìdí lé àga. Ó-Rí-Bẹ́ẹ̀ sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé dídúró ni wọ́n ń dúró níwájú ọ̀gá. Màmá náà ní kó lọ sọ fún orúnkún òun, pé bí orúnkún bá gbà, òun náà gbà.

Ohun tó bá wá ni pé omi kànga òun ti yí padà. Aṣọ funfun tí òun bá fi omi náà rẹ kí òun tó gé e, aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń jáde. Àwọn ọmọ aládùúgbò òun ń yún ara. Bí òru bá jìn, òórùn kan á máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Baba Ẹ-Dìde dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí ó ti rí i nínú àwòrán pé ibẹ̀ ni àwọn ẹni ńlá ti ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, òórùn ìlọsíwájú ni. Kò sí ìlú tó ga rí tí kò kọ́kọ́ rùn díẹ̀."

"Ó rí bẹ́ẹ̀, sà," ni akọ̀wé wí.

Màmá náà wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ títí. "Ọgbẹ́ tí a kò wẹ̀, tí a fi aṣọ funfun wé, abẹ́ aṣọ ni yóò ti rà," ó ní. "Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Mo mọ ohun tí aṣọ lè bò, mo sì mọ èyí tí kò lè bò."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Baba Ẹ-Dìde. Ó sọ fún Ó-Rí-Bẹ́ẹ̀ pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ ìbí òun, ṣùgbọ́n kó yọ ọgbẹ́ kúrò nínú rẹ̀, kó ku aṣọ funfun nìkan. Ó ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun á fi òdòdó ránṣẹ́. Nígbà tí màmá náà jáde tán, ó jókòó, ó rí i pé ọrùn òun ń gbóná. Ó ní kí wọ́n mú ẹ̀rọ amúlétutù náà tutù sí i. Ooru ọrùn náà sì lọ.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, onímọ̀ ilẹ̀ parí ìwé àyẹ̀wò. Ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá ni. Baba Ẹ-Dìde gbé e lọ́wọ́, ó rí i pé ó wúwo, inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣí i, láti wá àwòrán ara rẹ̀ níbẹ̀. Kò rí i. Nígbà tó wá rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní ìwé tó wúwo tó báyìí kò lè jáde lórúkọ ẹni tí bàtà rẹ̀ dọ̀tí.

Wọ́n tẹ èèpo ẹ̀yìn tuntun fún ìwé náà, lẹ́tà oníwúrà. Orúkọ àti oyè rẹ̀ gba gbogbo iwájú, débi pé àkọlé ìwé náà ní láti lọ sẹ́yìn. Nínú ìwé, gbogbo ibi tí onímọ̀ ilẹ̀ bá ti kọ "a rí i pé," Ó-Rí-Bẹ́ẹ̀ yí i padà sí "Èmi, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, rí i pé." Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ yìí. Báyìí ni ọkùnrin tí kò débi ààtàn láti ọdún mẹ́fà ṣe di ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi kànga mọ́kàndínlógún, tó fi ikùn wọ́lẹ̀ láti gbọ́ bí gáàsì ṣe ń mí. Ó sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà igba ó lé mẹ́rìnlá ló fọwọ́ sí i, kò sì ka ìlà kan.

Onímọ̀ ilẹ̀ lọ bá a lọ́jọ́ náà. Kò bá a jà lórí orúkọ. Ó dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ kà á kí ẹ tó fi í ránṣẹ́."

Baba Ẹ-Dìde rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àwọn kan wà tó ń kàwé. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń kà nínú ìwé."

Wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí olú ilé iṣẹ́, níbi tí àwọn aláṣẹ tó ga jù ú lọ wà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èsì fi dé. Ìwé yín yà wá lẹ́nu, wọ́n ní. Ó ti pẹ́ tí a ti rí ọ̀gá tó fi òótọ́ sọ bí nǹkan ṣe bàjẹ́ tó níbi iṣẹ́ ara rẹ̀. A óò rán ẹni mẹ́ta wá láti fojú ara wọn rí i. Baba Ẹ-Dìde ka ìlà àkọ́kọ́, ó ní ó tó, ó sì ní kí wọ́n fi férémù sí i. Ó kọ̀wé padà pé kí àwọn àlejò wá ní ọjọ́ ìbí òun.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí òkè. Ó gun ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rí àwọn páìpù tí onímọ̀ ilẹ̀ ri mọ́lẹ̀ fún gáàsì, ó ní wọ́n dà bí eyín arúgbó, kí wọ́n yọ wọ́n. Wọ́n yọ wọ́n. Wọ́n tẹ́ rọ́bà ńlá bo gbogbo orí òkè, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ tí kò ju ìka mẹ́ta lọ lé e, wọ́n wá fi koríko tí wọ́n ká bí ẹní bò ó. Wọ́n fi kọnkéré mọ pèpéle gíga kan sórí rẹ̀, àtẹ̀gùn méjìlá ni wọ́n ń gùn débẹ̀. Ní òkè pèpéle náà, wọ́n gbé àwo irin ńlá kan kalẹ̀ fún iná tí ọlọ́jọ́ ìbí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tàn. Iná Ògo ló sọ ọ́.

Onímọ̀ ilẹ̀ kọ̀wé pé bí wọ́n bá dí ibi tí gáàsì ń gbà jáde, abẹ́ rọ́bà ni yóò máa gbára jọ sí, àti pé iná kò gbọdọ̀ dé ìtòsí ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún un ní ìsinmi tipátipá. Wọ́n ní ó ti ṣiṣẹ́ jù.

Ọjọ́ náà pé. Oòrùn mú gan-an láti àárọ̀, ooru sì ń ta láti inú koríko. Irínwó àga ló wà lórí òkè. Àwọn àlejò láti olú ilé iṣẹ́ jókòó síwájú. Màmá àgbàlagbà kan tó wọ jígí ló jẹ́ olórí wọn, ó gbé ìwé àyẹ̀wò náà sórí itan, ó ti fi bébà pélébé-pélébé sí àárín ojú ewé rẹ̀. Baba Ẹ-Dìde rí àwọn bébà náà láti òkè pèpéle. Ó gbà pé ibi tó dùn mọ́ màmá náà jù ló fi sàmì sí.

Ó mú gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, ohùn rẹ̀ dún ká gbogbo àfonífojì, "àwọn kan kọ́ ilé, àwọn kan la ọ̀nà. Èmi, mo dá òkè. Ta ló tún dá òkè rí, tí kì í ṣe pé ó bá a nílẹ̀?"

"Ó rí bẹ́ẹ̀, sà."

Ó sọ bí wọ́n ṣe bí òun. Ó sọ bí òun ṣe gba ipò kìíní ní kíláàsì kẹta. Ó ti ń lọ sí kíláàsì kẹrin nígbà tí koríko ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra nílẹ̀. Kò sáré. Ó ń wú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí búrẹ́dì tí ìwúkàrà wọ̀, títí ó fi ga tó èèyàn, tó sì ń gbọ̀n yọ̀yọ̀ nínú oòrùn. Ìkejì wú lápá ọ̀tún. Ẹ̀rù ba àwọn tó jókòó, wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì pẹ́ tí gbogbo èrò fi wà lórí ìdúró. Baba Ẹ-Dìde rí i pé gbogbo ayé dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Omijé lé sí i lójú. Nínú gbogbo ọdún tó fi wà lórí oyè, kò sí ìgbà tí wọ́n dìde fún un báyìí rí.

Ó rò pé àsìkò tó. Ó mú ògùṣọ̀ tí wọ́n ti rẹ sínú epo ní ọwọ́ òsì, ó mú ìṣáná ní ọwọ́ ọ̀tún.

Ní ìsàlẹ̀, onímọ̀ ilẹ̀ wà lẹ́bàá kànga aránṣọ. Ìsinmi tipátipá kò ní kó má bu omi sí ìgò. Òun ló kọ́kọ́ gbójú sókè, tó rí koríko tó wú, tó sì rí àwo irin náà. Ó sáré. Màmá aránṣọ kò béèrè nǹkan kan, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ lé e, téèpù tó fi ń wọn èèyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ dá onímọ̀ ilẹ̀ dúró nítorí pé kò ní káàdì ìpè. Ó ń pariwo pé gáàsì ni, kí wọ́n má tan iná, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá ni màmá, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Orúnkún tí kò gbà lọ́jọ́sí gbà lọ́jọ́ náà. Ó gun àtẹ̀gùn méjèèjìlá, ó dúró níwájú àbúrò rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Mú un wá," ó ní.

Baba Ẹ-Dìde wò ó. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn àlejò ń wò wá."

"Mo ní kí o mú un wá."

Gbohùngbohùn gbé e fún gbogbo ayé gbọ́. Oyè tó gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ kò rí nǹkan kan ṣe sí ohùn náà. Ohùn tó ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dá a mọ̀ kí orí rẹ̀ tó dá a mọ̀. Ó na ìṣáná náà sí i. Màmá gba ògùṣọ̀ náà mọ́ ọn.

Kò tíì sọ ìṣáná náà sápò tán nígbà tí rọ́bà ya. Kò dún gbàmù. Ó kàn mí kanlẹ̀ ni, mímí gígùn kan, bí àgbàlagbà tó gbé ẹrù sọ̀, gbogbo ohun tí agbègbè náà ti jù nù láti ogójì ọdún sì jáde wá kí wọn. Àwọn èèyàn ń sá lọ sísàlẹ̀, wọ́n fi fìlà àti gèlè bo imú. Pèpéle kọnkéré náà kọ́kọ́ tẹ̀, ó wá ń rì díẹ̀díẹ̀ ní apá ibi tí Baba Ẹ-Dìde dúró sí. Nígbà tó fi máa dúró, omi dúdú ti mù ún dé orúnkún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì di ọrùn agbádá rẹ̀ mú láti orí àtẹ̀gùn tó gbẹ. Ọlọ́run ṣàánú, kò sẹ́ni tó fara pa.

Màmá tó wọ jígí nìkan ni kò sá. Ó fi ìka méjì di imú, ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé kẹtàléláàdọ́rùn-ún, ó sì kà á sókè: "Èmi, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun wúwo ka orí òkè yìí, kò gbọdọ̀ dí páìpù rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ mú iná dé ìtòsí rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí aráàlú ló fi ń ṣeré."

Ó bojú wo akọ̀wé tó di òpó mú. Ó bi í bóyá ọ̀gá rẹ̀ ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

"Ó rí bẹ́ẹ̀, mà," ni Ó-Rí-Bẹ́ẹ̀ wí.

Àbí ẹlòmíràn ló kọ ọ́, tí ọ̀gá wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i?

"Ó rí bẹ́ẹ̀, mà."

Màmá náà yí padà sí Baba Ẹ-Dìde. Ẹ wo ipò tí ọkùnrin yìí wà. Bí ó bá ní òun kọ́ ni òun kọ ọ́, olè ni. Bí ó bá ní òun ni, a jẹ́ pé ó mọ̀ pé ikú wà níbẹ̀ kó tó kó irínwó èèyàn gùn ún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Omi dúdú ń gba inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó ronú, ó sì mú ọ̀rọ̀ tó rò pé yóò yọ òun nínú méjèèjì.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ó ní. "N kò kàn tíì kà á ni."

Àwọn aláṣẹ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí fún ọjọ́ mọ́kànlá, ṣùgbọ́n aráàlú ti dá ẹjọ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Títí dòní, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wo iṣẹ́ ẹlòmíràn ní kíláàsì, ohun tó ń sọ fún tíṣà ni pé òun ló kọ ọ́, òun kò kàn tíì kà á ni. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Baba Ẹ-Dìde, wọ́n gba ilé ìjọba tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ń lọ kí àwọn ọmọ, kò sì sọ ọjọ́ tí òun á dé. Wọ́n tún ìwé àyẹ̀wò tẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ló wà níwájú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́tà dúdú. Wọ́n dí kànga àwọn ará ẹsẹ̀ òkè, ọkọ̀ olómi sì ń gbé omi wá fún wọn lójoojúmọ́. Páìpù padà sí ipò wọn. Onírúurú katakata ń gùn, wọ́n ń sọ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fún un, láàárín ìgàn aṣọ. Oṣù kan ni kò jáde. Àwọn oníbàárà tó wá gba aṣọ á rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọn kò ní mọ bí wọ́n ṣe máa kí i, òun náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó láìsí tábìlì níwájú ẹni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ òkè náà. Ó kàn ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń ní kó jẹ ẹ́ kó tó tutù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, onímọ̀ ilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó máa ń bá a di okùn ìwọnlẹ̀ mú kò wá, màmá tó fẹ́ bẹ̀ pé kó ran òun lọ́wọ́ sì ti lọ ra òwú. Ó wo Baba Ẹ-Dìde, Baba Ẹ-Dìde wò ó. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà wọ sálúbàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e gun òkè.

Onímọ̀ ilẹ̀ fún un ní ìdí okùn. Ó ní kó dúró síbi irin pupa, kó má mira.

"Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i, sà."

Ó sún sẹ́yìn. Onímọ̀ ilẹ̀ ka iye, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà bi í pé mélòó ni. Ó ní ìka mẹ́rin ni ilẹ̀ náà ti rì láti oṣù tó kọjá. Ó bi í pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò ó bóyá ó ń ṣeré ni, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Àlàyé náà gùn, oòrùn sì ń mú bọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà gbọ́ ọ dé òpin, kò dá sí i. Ó tilẹ̀ béèrè ìbéèrè méjì, ọ̀kan nínú wọn sì mọ́gbọ́n dání.

Irin kejìlá ni wọ́n wà nígbà tó húkọ́. Ó béèrè, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni, bóyá wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn tó di okùn mú sínú ìwé yẹn.

Onímọ̀ ilẹ̀ ní wọ́n máa ń kọ ọ́. Ojú ewé tó kẹ́yìn ló máa ń wà, lẹ́tà wínníwínní.

Ó ní lẹ́tà wínníwínní kò burú. Ó fa okùn ọwọ́ rẹ̀ le. Ó wá ní ohun tí òun kàn rò ni pé bóyá orúkọ òun lè ṣáájú ti awakọ̀ katakata.

"Bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni a fi ń to orúkọ, sà," ni obìnrin náà dáhùn.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti A, ó ń ka lẹ́tà náà lórí ìka rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á tán, ó tún un kà. Awakọ̀ katakata ló ṣáájú. Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì mú ìdí okùn lọ sí irin kẹtàlá.